Bọ́ọ̀dù Tí Yóò Gba Ẹrù Àbíjàn

Láti ọjọ́ tí Ummuhani ti rí iṣẹ́ ọnà ọwọ́ ara rẹ̀ lára aṣọ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsundunrin, ni kò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ mónógíráàmù ló ń ṣe. Ẹ̀rọ ló fi ń kó òwú sí àyà agbádá àti etí ìbòrí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ní Èjìgbò. Ẹ̀rọ náà kì í dá ọnà yà fúnra rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yà á kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Ummuhani kò ní kọ̀ǹpútà, nítorí náà orí pépà ló ń ya tirẹ̀ sí, á wá gbé e lọ fún ọkùnrin kan ní Òṣogbo kó bá òun fi sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó béèrè lọ́wọ́ obìnrin Ìsundunrin yẹn ibi tó ti rí òdòdó ara aṣọ rẹ̀, obìnrin náà ní wọ́n ń tà á ní Òṣogbo, pé ẹni tó bá wù lè rà á. Ummuhani kò bá a jà. Ó jẹun, ó ṣàmín sí àdúà, ó gun ọ̀kadà padà sílé. Ṣùgbọ́n kó tó dé Èjìgbò ló ti pinnu pé òun yóò ní kọ̀ǹpútà tòun.

Tuntun kọjá agbára rẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀ Lùkmọ́nù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àbíjàn.

Lùkmọ́nù ní, “Àǹtí mi, a ò ní ra odidi. Díẹ̀díẹ̀ la ó tò ó. Èmi á fi pírósẹ́sọ̀ àti ráàmù ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin ẹ wá àpótí rẹ̀ àti ohun tó ń fún un níná, kẹ́ ẹ wá ra mọ́dábọ́ọ̀dù tó bá ohun tí mo fi ránṣẹ́ mu. Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ yàn.”

Ó ṣàlàyé fún un pé pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ráàmù ni ibi tí ọpọlọ ń tẹ́ iṣẹ́ sí nígbà tó bá ń ṣe é, mọ́dábọ́ọ̀dù sì ni pátákó tí gbogbo wọn ń jókòó lé. Bí bọ́ọ̀dù bá kọ ọ̀kan nínú wọn, àpótí lásán lèèyàn gbé kalẹ̀.

Nùrúdíìnì, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ummuhani, ló bá wọn kó ẹrù náà wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń rin Àbíjàn sí Èjìgbò. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà lọ́hùn-ún a máa kó aṣọ, fóònù àti oògùn lé e lọ́wọ́ fún àwọn ará ilé wọn, oúnjẹ rẹ̀ sì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ rí pé ẹrù kan ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Ummuhani, ó na ọ̀rá dúdú kékeré kan sí i, ó ní Lùkmọ́nù kí i. Ummuhani kúnlẹ̀ kí i, ó ní kó jókòó. Nùrúdíìnì ní ẹnì kan ń dúró de òun. Ó ti ń lọ kí Ummuhani tó dìde.

Kọ́lápọ̀ ló ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó kéré sí Ummuhani lọ́jọ́ orí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn kì í sì í wọ́n lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ummuhani gbé ọ̀rá náà fún un, ó ní bọ́ọ̀dù tí yóò gba nǹkan méjèèjì lòun ń wá, èyí tí kò wọ́n jù.

Ráàmù ni Kọ́lápọ̀ kọ́kọ́ mú. “Eléyìí dáa,” ó wí. Ó tú bébà ara pírósẹ́sọ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó dojú pírósẹ́sọ̀ náà délẹ̀, ó tún yí i padà.

“Ta ló bá yín kó o wá, Àǹtí?”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.”

“Bàbá Nùrúdíìnì?”

“O mọ̀ wọ́n ni?”

“Ta ni ò mọ̀ wọ́n.” Ó dìde. “Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó níwájú iná.”

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, bọ́ọ̀dù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu eruku kúrò lára rẹ̀.

“Eléyìí ló máa gba pírósẹ́sọ̀ yín.”

Ummuhani wo etí bọ́ọ̀dù náà, ó ti ń pọ́n bí irin tó fẹ́ dípẹtà. “Ó ti gbó.”

“Pírósẹ́sọ̀ náà kì í ṣe ti àná.”

“Ráàmù yẹn ńkọ́?”

“Kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé láàárín rẹ̀ yìí. Kò ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tó yẹ kó wọ̀ lára bọ́ọ̀dù. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, kí n fún yín ní ti àtijọ́ tó máa wọ̀ ọ́.”

“Kí n fi tuntun sílẹ̀, kí n gba àtijọ́?”

“Mi ò ní rẹ́ yín jẹ, Àǹtí.” Títì ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. “Ẹ ò sì ní san nǹkan kan lórí bọ́ọ̀dù náà. Ẹ kàn gbé e máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ló mú kí ara fu Ummuhani. Ọjà ni Kọ́lápọ̀ ń tà, kò bá a tan, kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Kí ló dé tó fẹ́ ta á lọ́rẹ? Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó ní òun ń bọ̀.

Nílé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, Ṣàkírù mẹkáníìkì. Ṣàkírù ní bóyá ọmọkùnrin náà kàn fẹ́ ṣe é lóore ni.

“Oore kí ni?” Ummuhani béèrè. “Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mí lóore á wo ojú mi.”

Ó ya àwòrán ráàmù, ó ya ti pírósẹ́sọ̀ náà níwá lẹ́yìn, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Lùkmọ́nù, ó ní kó sọ irú bọ́ọ̀dù tí òun máa rà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí Lùkmọ́nù pè.

“Àǹtí mi, àwòrán kí lẹ fi ránṣẹ́ sí mi yìí?”

“Pírósẹ́sọ̀ tó o kó wá ni.”

“Èyí kọ́. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kí lẹ rí?”

“Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù ló wà níbẹ̀.”

“Tèmi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí ẹnu abẹ́rẹ́, wọ́n kún abẹ́ rẹ̀ bámúbámú. Inú ihò bọ́ọ̀dù lẹsẹ̀ yẹn ń wọ̀. Èyí tó tẹ́jú yìí, ara bọ́ọ̀dù tirẹ̀ lẹsẹ̀ máa ń wà. Ọ̀tọ̀ nilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, kò sí bọ́ọ̀dù kan tó lè gba méjèèjì.”

“Ráàmù ńkọ́?”

“Ráàmù tí mo rà nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni, Àǹtí. Ṣé mo máa ra ráàmù tuntun, kí n wá ra pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ tí kò lè bá a gbé fún yín? Ta ló ti fọwọ́ kàn án?”

Ummuhani rántí yàrá ẹ̀yìn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú ọ̀nà ọjà pọ̀n.

Èèyàn mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé pírósẹ́sọ̀ náà lé orí gíláàsì tí Kọ́lápọ̀ ń pàtẹ ọjà sí.

“Gbé tèmi fún mi, Kọ́lápọ̀.”

“Tiyín nìyẹn, Àǹtí.”

“Tèmi lẹ́sẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn lo ti pààrọ̀ rẹ̀, tó o wá fẹ́ fi bọ́ọ̀dù gbígbó dí mi lẹ́nu.”

Bí Ummuhani ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ lọ sára àwọn ọjà tó wà lábẹ́ gíláàsì. Ẹ̀kán ọ̀dà pupa kékeré kan wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó gbé pírósẹ́sọ̀ náà sókè. Ẹ̀kán ọ̀dà pupa wà létí òun náà.

“Kí ni ti ọ̀dà yìí?”

“Àmì mi ni,” Kọ́lápọ̀ wí. “Gbogbo ohun tí mo bá ń tà ni mo ń fi sí, kí ẹnikẹ́ni má lọ kó ti ibòmíràn wá dá padà fún mi.”

“O gbà pé tìẹ ni nígbà yẹn.”

“Tèmi ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Pẹ̀lú àmì yẹn lẹ mú un wá. Mo ti tà á kẹ́ ẹ tó dé ibí.”

“Ta lo tà á fún?”

Kọ́lápọ̀ gbé ojú sílẹ̀. “Mi ò lè sọ ìyẹn.”

“O lè sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá.”

“Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, Àǹtí, ẹ lè lọ. Mi ò ní bínú.”

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó dìde, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. “Kọ́lápọ̀, fún mi ní tèmi. Tó bá yá, màá tún gbé e wá.” Kọ́lápọ̀ gbé e fún un.

Ummuhani kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bó ṣe ń rìn lọ, ìdáhùn ọmọkùnrin náà kò jẹ́ kó gbádùn. Olè á bínú, á búra, á ké sí àwọn tó jókòó kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Èyí ò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó ń bo ẹnì kan mọ́lẹ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ló ti tà á ṣáájú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi lè dénú ọ̀rá dúdú yẹn. Ẹnì kan ti san owó bọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò fẹ́ rò ó parí.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Ṣàkírù, Ṣàkírù ju àkísà tó fi ń nu ọwọ́ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ pè lólè?”

“Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo fẹ́ lọ béèrè ni.”

“Ìwọ nìkan lo máa lọ.”

Òun nìkan náà ló lọ, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Nùrúdíìnì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń di ẹrù tí yóò kó padà sí Àbíjàn. Ummuhani kúnlẹ̀, ó kí i, ó béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í láti sọ ohun tó gbé e wá. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tó lẹ́sẹ̀ dà?”

Okùn dúró lọ́wọ́ Nùrúdíìnì. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó mú agolo pẹlẹbẹ kan jáde, ó sì ṣí i níwájú rẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ náà wà lórí òwú nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí koríko tí màlúù sùn lé.

“Pàdọ́ń, ìyàwó,” ó wí. “Èmi ni mo bà á jẹ́. Wọ́n máa ń ju ẹrù sórí mọ́tò jánjàn, mo wá yọ ọ́ kúrò nínú ike rẹ̀ kó lè wọ àpò àyà mi, mo ní ibẹ̀ ni nǹkan ò ti ní ṣe é. Oorun gbé mi lọ, mo sùn lé e. Ẹnubodè Tógò ni mo ti wò ó. Mo rò pé ọkàn mi á dúró.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ ọ́, kó wá di ohun tí gbogbo Èjìgbò ń gbọ́? Ẹrù olóhun ni mo fi ń jẹun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé tìyàwó ilé mi gan-an bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ta ló tún máa gbé tirẹ̀ fún mi? Mo lọ bá ọmọ yẹn, mo ní kó fún mi ní irú rẹ̀. Ó ní òun ò ní irú rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní èyí tó bá ní, ṣáà ti jẹ́ pé kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́. Mo san ti bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Mo ní bó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má sọ.”

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Síbẹ̀, Ummuhani ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ òótọ́ rí. Ó lè jẹ́ pé ó ti ta èyí tó dára, kó sì wá fi ìdọ̀tí kan sínú agolo. Ó yọ fóònù, ó ya àwòrán ohun tó wà lórí òwú náà, ó fi ránṣẹ́ sí Lùkmọ́nù lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń retí.

“O ò gbà mí gbọ́,” Nùrúdíìnì wí.

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.”

Fóònù dún. Lùkmọ́nù ní èyí tí òun rà nìyẹn, kí ló ṣe é. Ummuhani mí kanlẹ̀.

“Ohun kan ṣì wà,” ó wí. “Mo ti pe Kọ́lápọ̀ lólè lójú àwọn èèyàn. Wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó tà á fún, mo fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn, kò dárúkọ yín.”

“Kò dárúkọ mi?”

“Rárá.”

Nùrúdíìnì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

“Èmi á lọ bẹ̀ ẹ́,” Ummuhani wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ mi ò tó. Àwọn tó wà níbẹ̀ á rò pé a ti parí ọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ni.”

Nùrúdíìnì pa agolo náà dé, ó nà án sí i. Ó ní kó máa gbé agolo náà lọ, kó kí Ṣàkírù.

Lùkmọ́nù sọ fún un pé bí ẹsẹ̀ kankan kò bá tíì kán, ó ṣì lè dára, tí èèyàn bá ní sùúrù. Ummuhani gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù lọ àti gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tó fi ń wo ojú òwú. Ó ń gbé ẹsẹ̀ náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀, á dúró, á tún gbé e díẹ̀. Bí ọrùn bá ń dùn ún, á dìde, á ṣe iṣẹ́ oníbàárà, á tún padà síbẹ̀. Ọ̀kan wà ní igun tó tẹ̀ débi pé ó bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ló ṣe gbẹ̀yìn. Kò kán.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Kọ́lápọ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ọmọkùnrin náà yára mú un lápá.

“Ẹ dìde, Àǹtí. Bọ́ọ̀dù wo lẹ wá ń fẹ́?”

Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì rẹ́rìn-ín. Ummuhani ní èyí tó ní ihò fún ẹsẹ̀ wọ̀nyí lòun ń fẹ́, tí ráàmù òun á sì wọ̀.

“Ìyẹn nìkan ò tó. Ihò lè bá a mu kí bọ́ọ̀dù má mọ̀ ọ́n. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ti wà lórí àtẹ kí wọ́n tó ṣe pírósẹ́sọ̀ yìí. Bí wọn ò bá tíì fi ìmọ̀ tuntun sínú wọn, òkùnkùn lẹ máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ ní kó tàn án kẹ́ ẹ tó sanwó.”

“Ìwọ ò ní tà á fún mi ni?”

“Ẹ rà á níbòmíràn, Àǹtí. Bẹ́ẹ̀ ló dáa jù.”

Ummuhani ṣì ń wá ohun tí yóò sọ nígbà tí àwọn tó kírun Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Nùrúdíìnì wà láàárín wọn pẹ̀lú jalabíà funfun. Ó yà síbẹ̀. Ó kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ lọ́jọ́sí wà láàárín wọn, ó ń dúró de ẹni tí wọ́n jọ wá. Nùrúdíìnì kò jókòó.

“Mo gbọ́ pé wọ́n pe ọmọ yìí lólè níbí,” ó wí. “Kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo ba ẹrù ìyàwó wa jẹ́ lọ́nà, tí mo ra òmíràn níbí, tí mo sì ní kó má sọ. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbí.”

Ọkùnrin ọjọ́sí yẹn ló kọ́kọ́ la ohùn. “Àlájì, ẹrù tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi gbé fún àbúrò mi ńkọ́?”

“Ó wà nílé. Bó o bá fẹ́ gbà á, jẹ́ ká lọ.”

Ọkùnrin náà dìde, ó tẹ̀ lé e. Ummuhani ń wò wọ́n lọ títí wọ́n fi yà. Nígbà tó yíjú padà, Kọ́lápọ̀ ti mú fóònù, ó ń bá ẹnì kan ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀dù náà dé, Kọ́lápọ̀ gbé tábìlì síta, ó ní kí Ummuhani jókòó ti òun. Ó gbé pírósẹ́sọ̀ lé ojú ihò. Kò tẹ̀ ẹ́. Pírósẹ́sọ̀ náà jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ki ráàmù bọ̀ ọ́, ó tan iná. Fáànù yí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ummuhani wo Kọ́lápọ̀. Kọ́lápọ̀ náà wò ó, ó sì hàn pé ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ tún ṣe ló ń fura sí. Ó paná, ó yọ ráàmù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kẹ́. Ó tan iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́tà funfun jáde lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ pírósẹ́sọ̀ tí Lùkmọ́nù rà sì wà níbẹ̀ kedere.

Lórí kọ̀ǹpútà yẹn ni Ummuhani ti ń ya ọnà rẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń bá a gbé e kiri. Kọ́lápọ̀ ń bá a tún un ṣe bó bá ṣàìsàn, ó ń kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bí Ummuhani kò bá ní dúró tì í títí iṣẹ́ fi parí. Ẹrù Nùrúdíìnì dín kù fún ìgbà díẹ̀. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ummuhani ló fà á.

Nígbà tó tún ti Àbíjàn dé, ó gbé aṣọ tí Lùkmọ́nù fi ránṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e sórí tábìlì.

“Tú u wò,” ó wí.

Ó wà lẹ́nu Ummuhani láti sọ pé kò pọn dandan. Ó tú u, ó na aṣọ náà tán, ó wo etí rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Nùrúdíìnì dúró títí ó fi ká a padà. Ó wá ní òun ń lọ sí Masífà, pé ẹnì kan ń retí ẹrù níbẹ̀.